Àjọ Ìmọ̀: Bí Àwa Olùkọ́ Ṣe Lè Jùmọ̀ Lo Ẹ̀rọ Nínú Kíláàsì

 Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kan olùkọ́, ó kan òbí, ó sì kan àpò ẹgbẹ́ wa pẹ̀lú. Ó dá lórí bí a ṣe lè fi ẹ̀rọ ìgbàlódé kọ́ ọmọ nínú kíláàsì, àti bí olùkọ́ kan ṣe lè fi èyí tí ó mọ̀ han olùkọ́ mìíràn.

OKÙN TI DÉ ETÍKUN WA

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í gbé etí odò kí á máa fi itọ́ fọ ọwọ́. Ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí àwa ń gbé. Ní ọdún 2010, okùn kan tí à ń pè ní MainOne gba abẹ́ òkun láti ilẹ̀ Potogí wọ Èkó. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, ilé-iṣẹ́ Google mú òmíràn gúnlẹ̀ sí Lekki níbí. Equiano ni wọ́n sọ ọ́, ní ìrántí Olaudah Equiano tí ìwé rẹ̀ lórí òwò ẹrú jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1789. Dígí tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí ni a tò sínú irú okùn bẹ́ẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń sáré gba inú dígí náà, òun ni ó sì ń gbé ọ̀rọ̀, àwòrán àti ohùn tí à ń rí lórí fóònù wa. Púpọ̀ nínú íntánẹ́ẹ̀tì tí Nàìjíríà ń lò, etíkun Èkó ni ó ń gbà wọlé.

Ṣùgbọ́n bí a bá yà kúrò lójú títì, tí a wọ inú Ìlàsan, Langbasa, Badore tàbí Ṣàngótẹ̀dó, a óò rí ilé-ẹ̀kọ́ méjì tí ògiri kan ṣoṣo là láàárín. Nínú ọ̀kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ ń fi ìka tẹ ojú gíláàsì, àwòrán ń yí padà. Nínú èkejì, àádọ́ta ọmọ jókòó síwájú pátákó kan, olùkọ́ wọn sì ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ọkàn ènìyàn. Okùn gba etí ilé wa kọjá, itọ́ ni a ṣì fi ń fọ ọwọ́.

Kò sì jẹ́ pé ẹ̀rọ kò dé ọ̀dọ̀ wa rí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí díẹ̀ nínú wa ti ṣiṣẹ́, wọ́n kó kọ̀ǹpútà mẹ́wàá wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n jó. Olùkọ́ kan ṣoṣo ni ó mọ̀ ọ́n lò. Nígbà tí wọ́n gbé olùkọ́ náà lọ sí ibòmíràn, wọ́n ti yàrá náà pa, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pamọ́. Nígbà tí a ṣí i lẹ́yìn ọdún méjì, eku ti jẹ okùn iná, atẹ́gùn oníyọ̀ láti inú òkun sì ti mú kí irin inú wọn dípẹtà. A dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú tì wá. Àwa náà wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí olùkọ́ yẹn ń lò ó, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tí ó jókòó tì í kí ó kọ́ ọ.

KÍ NI Ó KAN ẸGBẸ́ ALÁJẸṢẸ́KÙ NÍNÚ RẸ̀?

Ẹnì kan lè bi wá pé, ẹgbẹ́ tí ó ń gba owó pamọ́, tí ó sì ń yá ọmọ ẹgbẹ́ lówó, kí ni tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà? Ìdáhùn wà nínú ìtàn wa. Àwọn ènìyàn 28 tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ṣí ìsọ̀ wọn ní oṣù Kejìlá ọdún 1844, ni gbogbo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ayé fi ń ṣe àwòkọ́ṣe. Àwọn wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í yọ 2½ nínú ọgọ́rùn-ún èrè wọn sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́. Wọ́n fi ra ìwé, wọ́n sì fi dá yàrá ìkàwé sílẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́. Nígbà tí àjọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbáyé pàdé ní Manchester ní ọdún 1995, ìlànà méje ni wọ́n fi ẹnu kò lé lórí. Ìkarùn-ún nínú wọn ni ẹ̀kọ́, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìròyìn.

Orúkọ wa pàápàá ń kọ́ wa. Alájẹṣẹ́kù ni ẹni tí ó jẹ, tí ó sì ṣẹ́ díẹ̀ kù. Olùkọ́ tí ó rí ọ̀nà kan tí ó dára láti kọ́ ìṣirò, tí ó lò ó tán tí ó dákẹ́, ó jẹ, kò ṣẹ́ nǹkan kan kù. Ìmọ̀ sì tún ju owó lọ ní ọ̀nà kan. Bí a bá pín ₦100,000 fún ogún ènìyàn, ₦5,000 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí a bá pín ọgbọ́n kan fún ogún ènìyàn, odindi ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ti ẹni tí ó mú un wá kò sì ní dín.

OHUN TÍ OJÚ TI RÍ SẸ́YÌN

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nínú ẹ̀kọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn. Ara ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ ni kí ó lè ran ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé lọ́wọ́. Ní ọdún 2013, Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Raufu Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà. Wọ́n ti kó ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú rẹ̀, kò sì béèrè íntánẹ́ẹ̀tì kí ọmọ tó lè kàwé. Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ ètò EKOEXCEL ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba, níbi tí olùkọ́ ti ń wo tábúlẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀ láti tẹ̀lé ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ní ẹsẹẹsẹ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni àrùn kòrónà dé. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ Èkó tì, rédíò àti tẹlifíṣọ̀n sì di kíláàsì. Ọmọ tí iná wà nílé rẹ̀ rí nǹkan kọ́. Ọmọ tí ilé rẹ̀ ṣókùnkùn jókòó, ó ń wo ọ̀run.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni a rí mú nínú gbogbo rẹ̀. Èkínní, ẹ̀kọ́ tí a ti kó sínú ẹ̀rọ ṣáájú sàn ju èyí tí a óò máa fi dátà wá kiri ní gbogbo òwúrọ̀. Èkejì, ọ̀rọ̀ iná ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ rò, kí á tó ro ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ẹ̀kẹta, ẹ̀rọ lè ti òkè wá, ṣùgbọ́n bí a óò ti lò ó fún ọmọ tí ó wà níwájú wa, láàárín àwa olùkọ́ ni yóò ti wá.

ỌGBỌ́N MÁRÙN-ÚN TÍ APÁ WA KÁ

Ọgbọ́n márùn-ún tí a tò sísàlẹ̀ yìí kò béèrè owó ńlá. A yàn wọ́n nítorí pé fóònù ọwọ́ olùkọ́ tàbí kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ kan ṣoṣo tó láti bẹ̀rẹ̀.

1. Fóònù kan fún àádọ́ta ọmọ. Ojú fóònù kéré, àádọ́ta ọmọ kò lè rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Bí olùkọ́ bá gbé e sókè, ìlà iwájú ni yóò rí, ìlà ẹ̀yìn yóò bẹ̀rẹ̀ ariwo. Nítorí náà, ohùn ni kí á fi fóònù náà ṣe. Kí olùkọ́ ka ìtàn kan sínú fóònù ní ilé, ní ibi tí ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ní kíláàsì, kí ó fi gbohùngbohùn kékeré kan gbé ohùn náà jáde. Kí ó máa dá a dúró ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan láti bi wọ́n pé: Ta ni ó sọ̀rọ̀? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ báyìí? Nígbà tí ohùn ń jáde láti inú ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ olùkọ́ wà lómìnira. Ó lè rìn dé ẹ̀yìn kíláàsì, ó lè dúró ti ọmọ tí kò gbọ́.

Èdè tí a fi gba ohùn náà sílẹ̀ tún ṣe pàtàkì. Láti ọdún 1970 títí dé 1978, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa, títí kan inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní Ajah lónìí, ọmọ Yorùbá, ọmọ Ègùn, ọmọ Ìgbò àti ọmọ Hausa wà nínú kíláàsì kan. Olùkọ́ kan kò lè gbọ́ gbogbo èdè wọn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ mẹ́rin tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ kan lè gba àlàyé kan náà sílẹ̀ ní èdè mẹ́rin, kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀.

2. Omi lójú kámẹ́rà. Ilé-ẹ̀kọ́ wa púpọ̀ kò ní ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ẹ dojú fóònù bolẹ̀. Ẹ fi orí ìgbálẹ̀ kan ìkán omi kékeré kan ṣoṣo sí orí gíláàsì kámẹ́rà ẹ̀yìn. Ẹ rọra yí fóònù padà kí ìkán omi náà lè rọ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ sì sún un mọ́ ewé, iyọ̀ tàbí ìyẹ́ eṣinṣin. Ìkán omi yóò ṣiṣẹ́ bí awò, nítorí pé ó yọ gọnbu, ó sì ń tẹ ìmọ́lẹ̀ bí ó ti ń wọlé. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ gbé e yípo láti orí ìjókòó kan dé èkejì. Ẹ nu kámẹ́rà náà gbẹ lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí omi ju ìkán kan lọ.

3. Àpótí ẹ̀kọ́ tí kò fẹ́ dátà. Ètò orí kọ̀ǹpútà kan wà tí à ń pè ní Kolibri. Ẹgbẹ́ kan tí kì í wá èrè, Learning Equality, ni ó ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí: a ó gbé kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ kan lọ sí ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dára, a ó kó ẹ̀kọ́ ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìwé ìtàn sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí a bá dé kíláàsì, a ó gbé àpótí kékeré tí à ń pè ní rọ́tà sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà. Rọ́tà yìí dàbí agogo akéde: ó ń ké ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ fún gbogbo ẹni tí ó wà láàárín agbo ilé, kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú íntánẹ́ẹ̀tì ìta. Tábúlẹ́ẹ̀tì, tàbí fóònù àtijọ́ tí káàdì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, yóò mú ìró náà, ọmọ yóò sì ṣí ẹ̀kọ́. Fóònù àtijọ́ pọ̀ nínú dúróà gbogbo wa. Kí ẹgbẹ́ kó wọn jọ.

4. Bọ́tìnì mẹ́jọ. Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ jù lọ nìyí. Láti ọdún 2015 ni gbogbo ìdánwò ìwọlé Yunifásítì ti JAMB ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ní ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ tún kéde ìpinnu láti mú ìdánwò WAEC àti NECO bọ́ síbẹ̀. Nínú ìdánwò JAMB, ìbéèrè 180 ni ọmọ ní láti dáhùn láàárín ìṣẹ́jú 120. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú-àáyá 40 ni ó kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ó mọ ìdáhùn, ṣùgbọ́n tí ó ń fi ìṣẹ́jú-àáyá 20 wá ibi tí máòsì sá lọ, ti pàdánù ìdajì àkókò rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò kùnà nínú ìwé, ọwọ́ rẹ̀ ni kò yá.

JAMB ti ṣe ọ̀nà kan tí ọmọ kò fi ní fọwọ́ kan máòsì rárá. Bọ́tìnì mẹ́jọ ni: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N láti lọ sí ìbéèrè tí ó kàn, P láti padà sí èyí tí ó kọjá, S láti fi ìwé sílẹ̀, àti R láti yí ìpinnu ìfisílẹ̀ padà. Èyí kò nílò kọ̀ǹpútà kí á tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ẹ gé páálí, ẹ ya àwòrán bọ́tìnì kọ̀ǹpútà sí i bí ó ti rí gan-an, kí ẹ kun mẹ́jọ wọ̀nyí ní ọ̀dà pupa. Kí olùkọ́ máa ka ìbéèrè, kí àwọn ọmọ máa tẹ páálí. Nígbà tí wọ́n bá dé iwájú kọ̀ǹpútà gidi, ìka wọn ti mọ ọ̀nà. Bí kọ̀ǹpútà mẹ́ta bá wà, ọmọ méjì ni yóò jókòó ti ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àwọn yòókù yóò wà lórí páálí títí yóò fi kàn wọ́n. Láàárín wákàtí kan, ọmọ 36 ti fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

5. Àmì ohùn. Olùkọ́ Yorùbá mọ ìyà yìí. Bí a bá tẹ ìbéèrè ìdánwò láìsí àmì, tí a kọ ọ́ pé "Ayọ ra oko tuntun", ọmọ kan yóò ní ọkọ̀ ni, òmíràn yóò ní ọkọ́ ni, ẹ̀kẹta yóò ní oko ni. Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974 fi àmì sí i, ẹ̀rọ ni kò gbà á lọ́wọ́ wa. Nísinsìnyí ó ti gbà. Nínú bọ́tìnì ìtẹ̀wé Gboard ti Google, ẹ lọ sí ibi èdè, ẹ fi Yorùbá kún un. Lẹ́yìn náà, bí ẹ bá tẹ lẹ́tà kan mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ní àmì yóò yọjú, ẹ ó sì mú èyí tí ẹ fẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀bùn kan wà láti ọwọ́ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa. Kọ́lá Túbọ̀sún, tí ó ti ṣe olùkọ́ rí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Lekki níbí, ni ó dá àkójọ orúkọ YorubaName sílẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe bọ́tìnì ìtẹ̀wé alámì ohùn, wọ́n sì fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Ẹni tí ó jẹ tí ó ṣẹ́ kù nìyẹn.

BÍ A ÓÒ ṢE DÁ ÀJỌ NÁÀ

Gbogbo wa mọ bí a ti ń dá èsúsú. Ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ìpín wá, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń kó. Ìlànà náà ni kí á lò.

Àkọ́kọ́, ní ọjọ́ ìpàdé oṣooṣù, kí á ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn tí a bá ti gba owó tán. Olùkọ́ mẹ́ta ni yóò sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọgbọ́n kan ṣoṣo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó kù jẹ́ ti ìbéèrè.

Èkejì, kí ẹni náà ṣe é lójú wa. Kí àwa yòókù jókòó bí akẹ́kọ̀ọ́, kí á sì fọwọ́ ara wa ṣe é kí á tó dìde. Ohun tí a kàn gbọ́, a óò gbàgbé rẹ̀ kí á tó dé ìdúró ọkọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ó sọ ibi tí ó ti kùnà. Bí iná bá kú, bí àwọn ọmọ bá sun, bí fóònù bá já bọ́, kí ó sọ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi í rẹ́rìn-ín. Ìkùnà tí a bá sọ níbẹ̀ yóò gba ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́sàn-án yòókù là.

Ẹ̀kẹrin, kí akọ̀wé ní ìwé ńlá kan tí ojú ewé kan wà fún ọgbọ́n kọ̀ọ̀kan: orúkọ ẹ̀kọ́, kíláàsì, ohun èlò, iye ìṣẹ́jú, ohun tí ó lè bàjẹ́. Olùkọ́ tí wọ́n bá gbé lọ yóò lọ, ojú ewé tirẹ̀ yóò dúró.

Ìkarùn-ún, bí a bá dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀ fún un, ohùn ìṣẹ́jú méjì àti fọ́tò kan ni kí á máa fi ránṣẹ́. Fídíò ń jẹ dátà, olùkọ́ tí owó rẹ̀ kò tó kò ní lè ṣí i. Kí á fi àdúrà àti ìkíni òwúrọ̀ sí ibòmíràn, kí ẹni tí ó ń wá ẹ̀kọ́ lè rí i.

Ìkẹfà, kí á má fi ojú ọmọ ẹlẹ́ni sórí ẹ̀rọ láìgba àṣẹ òbí rẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2023 dáàbò bo ọmọdé ní pàtàkì. Ẹ ya ọwọ́ wọn, ẹ ya ìwé wọn.

Àwọn ẹ̀yin àgbà wa tí ẹ ti ń kọ́ni láti ọgbọ̀n ọdún, ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá yín. Olùkọ́ kékeré lè mọ bí a ti ń tan ẹ̀rọ, ẹ̀yin ni ẹ mọ ibi tí ọmọ ti ń kọsẹ̀ nínú ìdá. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ INÁ ÀTI TI OWÓ

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, jẹnẹrétọ̀ sì di ohun ẹ̀rù. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, owó iná fún àwọn tí wọ́n wà ní Band A fò sókè sí ₦225 lórí yúnìtì kan. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò ohun tí kíláàsì kan ń lò ní tòótọ́. Kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ kan ń jẹ nǹkan bí 50 wáàtì. Ẹ̀rọ kékeré tí ń gbé àwòrán sára ògiri lè jẹ 150. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 200 wáàtì. Fún wákàtí méjì lójúmọ́, ó di 400. Bátìrì 12 fóòtì tí ó jẹ́ 100 Ah gba 1,200. Bí ó bá jẹ́ irú bátìrì olómi, kò yẹ kí á lò ju ìdajì lọ kí ó má baà tètè kú, ìyẹn 600. Nítorí náà bátìrì kan tó. Páálí oòrùn tí ó jẹ́ 200 wáàtì lè dá ohun tí a lò padà láàárín wákàtí mẹ́rin bí oòrùn bá mú dáadáa.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan lè má lè dá a rà. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí àwọn olùkọ́ wọn wà nínú ẹgbẹ́ lè jùmọ̀ yá owó ra ẹ̀rọ kan, kí ó máa yípo ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ bí èsúsú. Kí á má gbàgbé láti máa yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ lóṣooṣù fún àtúnṣe. Kí á sì rántí òkun: atẹ́gùn oníyọ̀ kì í fi irin sílẹ̀ ní Lekki. Kí á máa fi aṣọ gbígbẹ nu ẹ̀rọ, kí á máa bò ó, kí á sì máa lò ó lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nítorí pé ooru ara ẹ̀rọ tí a ń lò ń lé ọ̀rinrin jáde. Ẹ̀rọ tí a tì mọ́lé ni ó ń kú.

KÍ Á MÁ JU ṢỌ́Ọ̀KÌ NÙ

Ẹ̀rọ máa ń kùnà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin bàjẹ́ nítòsí Abidjan, MainOne wà nínú wọn, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú ní Èkó àti ní ìlú mìíràn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, JAMB fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé àṣìṣe orí kọ̀ǹpútà ba èsì àwọn ọmọ 379,997 jẹ́ ní ibùdó 157, tí 65 nínú wọn jẹ́ ti Èkó. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà wá tún ìdánwò ṣe. Nítorí náà, kí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tí a bá fi ẹ̀rọ ṣe ní èyí tí a lè fi ẹnu àti ṣọ́ọ̀kì parí bí iná bá lọ láàárín. Kí á sì máa bi ara wa lẹ́yìn ẹ̀kọ́ pé: kí ni ọmọ yìí mọ̀ báyìí tí kò mọ̀ láàárọ̀? Bí a kò bá rí ìdáhùn, ìran ni a wò, a kò kọ́ni.

Ẹ̀yin ará, yàrá kan tí a tì pa bẹ́ẹ̀ lè wà ní ilé-ẹ̀kọ́ tiyín náà. Kí ẹ tó béèrè ẹ̀rọ tuntun lọ́wọ́ ìjọba, ẹ bi ọ̀gá yín nípa kọ́kọ́rọ́ yàrá náà. Ẹ pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì pe ẹnì kan sí i láti jókòó tì yín. Ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan mú ọgbọ́n kan wá bí ó ti ń mú owó rẹ̀ wá. Ẹni tí kò bá ní ọgbọ́n, kí ó mú ìbéèrè wá. Ìpín ni ìyẹn náà. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.